Ẹni Tó Ń Tún Iṣẹ́ Ṣe Lẹ́yìn Wọn

Ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀m̀pútà náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bọ́ bàtà. Òfin ibẹ̀ ni, nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Bí o bá débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọjọ́ Ẹtì ní aago méjì ọ̀sán, wàá bá bàtà ogójì ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sálúbàtà ló pọ̀ jù, òjò Suva á sì ti rin ìdajì wọn gbingbin. Rotia máa ń bọ́ tirẹ̀ síbi tó jìnnà díẹ̀ sí tàwọn yòókù. Kì í ṣe ìgbéraga. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó gbé e súnmọ́ ni.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ará erékùṣù Tabiteuea ní Kiribati. Ìtumọ̀ orúkọ erékùṣù yẹn ni pé wọn ò gba ọba láyè níbẹ̀, wọn kì í sì í fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹni tó bá gbórí sókè ju ti ẹnìkejì lọ, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí yóò fi gbé e wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú maneaba, ilé ìpàdé ńlá wọn, ẹ̀yìn àgbà ni ọmọdé ń jókòó sí. Yóò gbọ́, yóò panu mọ́, yóò sì lọ sílé. Bí àgbà bá ṣi nǹkan ṣe, wọn kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n á dúró kó lọ tán, wọ́n á wá rọra tún un ṣe, kò ní mọ̀ láé. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ Rotia, ó sì gbẹ̀kọ́ dáadáa. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ò bá wọn jà lórí ẹ̀kọ́ náà. Ibi tó gbé ọmọbìnrin yìí dé ló ń dùn mí.

Ìjọba ilé rẹ̀ ló rán an wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Suva, olú ìlú Fiji, láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kálíkúlọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yára yí padà sí. Ìṣirò ò ni Rotia lára rárá. Ènìyàn ló nira. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ilé opó kan ní àdúgbò Nabua, opó tí etí rẹ̀ ti di, tó sì máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ra kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ Kiribati tó kù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Tarawa, olú ìlú, ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti mọra láti kékeré. Bí Rotia bá la ẹnu láàárín wọn, wọ́n á ní ẹ wá gbọ́ ará oko. Ó kúkú pa ẹnu náà dé. Tẹlifóònù kì í sábà wọlé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju "ẹ ṣeun" tó sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, àga kan wà láyé tí wọ́n ń retí pé kí Rotia wá jókòó lé lórí.

Dókítà Leilua, obìnrin ará Samoa tó ń kọ́ wọn, ti pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta sídìí kọ̀m̀pútà kọ̀ọ̀kan, òfin rẹ̀ sì le. Ẹnìkan ni yóò máa tẹ̀, atẹ̀wé kò sì gbọdọ̀ tẹ ohun tí wọn ò bá ní kó tẹ̀. Ẹnìkan ni yóò máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ẹnì kẹta ni yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé, òun ló sì gbọ́dọ̀ máa bi asọ̀rọ̀ pé, "Kí ló dé?" bí ohunkóhun kò bá yé e. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á pààrọ̀ ipò.

Àwọn méjì tó bọ́ sí ìdí kan náà pẹ̀lú Rotia ni Tísà Vili àti Roneel. Vilikesa ni orúkọ Tísà. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó sì ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní àwọn òkè Navosa, níbi tí kò ti sí òkun. Wọ́n fún un láyè ọdún kan kó wá kàwé kún ìwé. Sulu, ìró tí àwọn ọkùnrin Fiji ń ró, tó lọ̀ dáadáa ló máa ń wọ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àwọn ọmọdé ló sì yí i ká. Roneel ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Íńdíà ti ìlú Nausori, ogún ọdún ni, bí ẹnu rẹ̀ bá dákẹ́, oorun ló gbé e lọ.

"Tísà," Roneel á ní, "ẹ tún ti gbàgbé gíláàsì yín."

"Ta ló gbàgbé? Ibo ló wà?"

"Ojú yín ló wà."

"O ò ní í dàgbà, ọmọ yìí. Màá kọ lẹ́tà sí ìyá ẹ."

"Ẹ kọ ọ́ o. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi ata kún búrẹ́dì rótì rẹ̀."

Tísà Vili á rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi mì, á wá tú gbágùúdá tó fi ewé wé jáde nínú àpò, á pín in sí mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù, ọ̀dọ̀ Rotia ló máa ń tì í sí. "Jẹun, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ á gbé ọ lọ." Bí wọ́n bá parí, abẹ́ agbòòrùn kan ṣoṣo, ti Tísà, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń fún ara wọn sí lọ sí ibùdókọ̀. Rotia kì í sọ nǹkan kan lọ́nà. Ṣùgbọ́n tó bá délé, ó máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kó tún ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ nínú orí rẹ̀, kó rẹ́rìn-ín níbi tí kò ti lè rẹ́rìn-ín lójú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Tísà Vili kọ́kọ́ ṣi ìṣirò sọ. Ó gbàgbé láti fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀, nǹkan kékeré. Rotia ló ń tẹ̀. Ó rí i lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé orí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo irun funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bàbá náà, ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì dìde, ó ní, "Ẹ máa lọ, màá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Dókítà, màá bá yín níta." Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́, ó sáré lọ bá wọn lábẹ́ agbòòrùn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá kan Rotia láti sọ̀rọ̀, á ní kí Tísà bá òun sọ ọ́. Bó bá kàn án láti kọ̀wé, á ní ọwọ́ òun ò dára, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa tẹ̀. Roneel ò kọ̀, nítorí ọ̀lẹ ni. Tísà náà ò kọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tísà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ lórí omi òkun tó ń kún tó ń fà. Ìlà kan wà lójú kọ̀m̀pútà tó ń gun òkè tó tún ń sọ̀kalẹ̀, ìbéèrè sì ni pé, ìgbà wo ni omi ń yára gòkè jù lọ?

"Ìyẹn ò le," ni Tísà Vili wí. Ó fi ìka kan orí ìlà náà níbi tó ga jù. "Ìgbà tó kún dé òkè pátápátá ni. Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

"Kí ló dé?" ni Roneel bi í, nítorí òun ni akọ̀wé.

"Kí ló dé bíi ti báwo? Ibi tí nǹkan bá ga dé, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà."

"Èmi gbà o. Òkun tí mo mọ̀ ò kọjá inú agolo ẹja."

"Èmi gan-an, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí kí n tó rí i. Mo bi bàbá mi pé ta ló da iyọ̀ sódò."

Rotia gbé ìka lé bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan kan bá wà tí ọmọ Tabiteuea mọ̀, èyí ni. Ní ọ̀nà omi tó wà láàárín erékùṣù méjì, tí omi bá kún tán, ńṣe ló ń dúró. O lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó o lọ yọ ẹja nínú àwọ̀n, kò ní kúrò lójú kan. Ìdajì ọ̀nà, nígbà tí kò tíì kún tí kò sì fà mọ́, ni omi máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá rẹ̀ ti fà á lọ́wọ́ jáde kúrò nínú omi bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà ní kékeré tó ń ṣa ìṣáwùrú. Ó mọ̀ ọ́n ní ẹsẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?" ni Tísà Vili wí, ó sì ti gbágùúdá sún mọ́ ọn. "Kọ́kọ́ jẹun."

Ó jẹun. Ó tẹ ohun tí bàbá sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó pa á rẹ́, ó kọ òtítọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ jẹ́ kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Ó rò pé lọ́jọ́ tí òun bá sọ fún bàbá yìí pé ó ṣì í, ojú tí àwọn ọmọ Tarawa fi ń wo òun ni yóò fi wo òun, àga yẹn yóò sì di ti ẹlòmíràn. Yóò wá ku òun, opó adití, àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Nítorí àga kan, ó ń fi iṣẹ́ rere bo ẹnu.

Dókítà Leilua kì í dá iṣẹ́ padà. Máàkì nìkan ló máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Tiwọn kì í kúrò ní méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún, nínú ogún. Tísà Vili á dúró níwájú ìwé náà bí ẹni tó ń wo àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Á wá pe ìyàwó rẹ̀ sí Navosa lórí tẹlifóònù, ohùn rẹ̀ á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan: "Mo ní mọ́kàndínlógún! Mo sọ fún ọ pé orí yìí ò tíì kú." Bó bá ṣe é tán, á na ọwọ́ sí Rotia àti Roneel. "Ẹgbẹ́ wa ni o. Ẹgbẹ́ wa ni." Inú Rotia á dùn débi pé á gbàgbé pé ó yẹ kí ẹ̀rí ọkàn máa jẹ òun.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ìdánwò dé, oníkálukú lórí àga tirẹ̀, láìsí kọ̀m̀pútà. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, èsì wà lára ògiri. Rotia gba mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Roneel gba méjìdínlọ́gọ́ta, ó ní ìyẹn ti pọ̀ jù fún òun. Tísà Vili gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wò. Lọ́jọ́ náà, kò pe ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Dókítà Leilua pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ṣí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún sórí kọ̀m̀pútà.

"Ọ̀gbẹ́ni Vilikesa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi."

Tísà Vili tẹ̀ síwájú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí kì í ṣe tiwa, Dókítà."

"Orúkọ yín wà lórí rẹ̀."

"Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n kọ síbí. Àwa sọ pé ìgbà tó kún tán ni. Èmi ni mo sọ ọ́, mo rántí." Olóòótọ́ ènìyàn, ó fa ìwé tirẹ̀, tó ń da gbogbo iṣẹ́ wọn kọ sí, yọ nínú àpò, ó ṣí i, ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó mọ́ tónítóní bíi tojú pátákó hàn án. "Ẹ wò ó. Ohun tí a ṣe nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó," ni Dókítà wí. "Ẹni tó ń gba mọ́kàndínlógún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ìdánwò. Iṣẹ́ ta lẹ ń jí? Bí mi ò bá rí àlàyé lónìí, gbogbo máàkì yín á di òdo, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Dókítà, ẹ ṣe sùúrù," Roneel ní, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sí ẹ̀fẹ̀ lóhùn rẹ̀. "Èmi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́. Rotia ló ń bá wa ṣe é."

Gbogbo wọn wò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tirẹ̀ nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Tàwọn méjì yòókù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Èmi ni," ni Rotia wí. "Mo máa ń tún un ṣe tí wọ́n bá lọ tán."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ kejì."

Dókítà Leilua na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Ṣàlàyé."

Ó dojú kọ pátákó. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí omi ìlú rẹ̀, bó ṣe ń dúró nígbà tó bá kún àti bó ṣe ń sáré ní ìdajì ọ̀nà, ó wá fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Láti ìgbà tó ti dé Suva, kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Ó gbàgbé ibi tó wà. Nígbà tó yíjú padà, ẹnu Roneel wà ní lílà, Tísà Vili sì ń wo ilẹ̀.

"Iṣẹ́ yín ni. Máàkì yín kò yẹ̀," ni Dókítà wí. "Rotia, bí o bá fẹ́, màá fún ọ ní kọ̀m̀pútà tìrẹ, kí o máa dá ṣe é."

"Rárá, Dókítà," ni Rotia yára wí. "Ibi tí mo wà ni mo fẹ́ wà."

Níta, Roneel ti sáré bá bọ́ọ̀sì lọ. Tísà Vili bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn sálúbàtà rẹ̀, kò sì tètè so tán.

"Mo bọ́ sínú ìdánwò yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín ni," ló wí láìgbójú sókè. "Ohun tó wà nínú ìwé mi ni mo kọ síbẹ̀. Mo ṣáà ti ń gba mọ́kàndínlógún."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, Tísà. Àgbà ni yín. Mi ò fẹ́ kójú tì yín lójú Roneel."

"Roneel tó ti rí mi níbi tí mo ti ń wá gíláàsì ojú mi? Ìtìjú wo ló kù?" Ó dìde, ó di orúnkún mú. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ. Èyí tí mo bá fẹ́ràn, mo máa ń sọ fún un pé ó ṣì í. Èyí tí mi ò bá rí tiẹ̀ rò ni mo máa ń sọ pé ó káre fún."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Tísà."

"Ó lè má rí bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìbá sì sàn kó le. "Mo rò pé a jọ wà nídìí rẹ̀ ni."

Òjò ti ń rọ̀. Ó ṣí agbòòrùn, ó fi lé Rotia lọ́wọ́, ó sì bọ́ sínú òjò. Rotia dúró níbẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn tó gba ẹni mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Tísà Vili ò fi yọjú. Roneel ní ilé ìkàwé ni òun ti ń rí i láràárọ̀, pé ó ń ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ tún ìwé ìṣirò náà kà, bí ọmọ tó ń kọ́ a, b, d. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó kí wọn dáadáa, ó sì jókòó. Ta ni yóò tẹ̀, ta ni yóò sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè. Roneel ti wà nídìí bọ́tìnnì. Tísà Vili ti ṣí ìwé. Wọ́n fi ti àárín sílẹ̀ fún Rotia.

"Tísà," ni bàbá náà wí fún Rotia, "ẹ máa sọ ọ́, a ó máa kọ ọ́."

Rotia wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀rín wà níbẹ̀. Kò sí. Ìbínú náà kò sí. Ọ̀wọ̀ ló kún ojú náà, irú èyí tí ènìyàn ń fún àlejò pàtàkì tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Gbágùúdá wà lórí tábìlì, ó ti gé e sí mẹ́ta ọgbọọgba.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Bó bá ti sọ, Roneel á tẹ̀. Bó bá ti sọ, bàbá á kọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé, kò sẹ́ni tó fi ìyá ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ náà ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àwọn ìdí kọ̀m̀pútà tó kù, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Dókítà sì ń ní kí wọ́n rọra. Rotia rí i pé ohùn òun nìkan ló ń dún nídìí tiwọn, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ibi tó ti ń sọ bí kọsáìnì ṣe ń di sáìnì ló ti gbàgbé àmì ìyọkúrò tó yẹ kó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ìka Roneel dúró díẹ̀ lórí bọ́tìnnì, ó wá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Kálámù Tísà Vili náà dúró. Rotia rí i tí ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀ gan-an, tó sinmi lé e, bí ojú rẹ̀ ṣe ti ń sinmi lé àṣìṣe ọmọ láti ọdún méjìlélógún. Ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Rotia dúró. Ó fún wọn láyè. Ó gbé gbágùúdá tirẹ̀, ó gé e jẹ díẹ̀díẹ̀ kí àsìkò lè pọ̀ sí i. Ó ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ẹnìkan nínú wọn sáà sọ pé o ṣì í, ará erékùṣù, àní kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Wọ́n ń retí ìlà tó kàn.

"Mo ṣe àṣìṣe níbẹ̀ yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn.

"A rí i," ni Tísà Vili wí, ó sì ṣí ojú ewé tuntun.